Ojú Ewé Tí Ọládùnní Kò Ṣí

Àwọn kan wà tó jẹ́ pé irọ́ tí wọ́n pa ló ba ayé wọn jẹ́. Ti Ọládùnní kò rí bẹ́ẹ̀. Òótọ́ ni obìnrin yìí sọ, òótọ́ pọ́nńbélé tí ẹnikẹ́ni kò lè já ní koro, òótọ́ náà ló sì ń jẹ ẹ́ lọ́kàn láti ọdún mẹ́tàdínlógún wá. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí á bẹ̀rẹ̀ láti ibi tí ọ̀rọ̀ náà ti dùn, nítorí ó dùn nígbà kan.

Ní ọdún 1976, ọmọ ọdún mẹ́tàlélógún ni, ó ń ṣiṣẹ́ ní ilé ìkàwé kan ní Enugu níbi tí àwọn tó ń kọ́ iṣẹ́ dókítà ti máa ń wá kàwé. Florence ni wọ́n ń pè é níbẹ̀. Nílé, Dúnní ni. Bàbá rẹ̀, Julius Ògúnbíyìí, jẹ́ ọmọ Ọ̀yọ́ tí iṣẹ́ rélùwéè gbé dé Enugu lẹ́yìn ogun, ó sì ti pinnu pé ẹnjiníà ni ọmọ òun yóò fẹ́. Kò tíì rí ẹnjiníà náà o, ṣùgbọ́n ó ti ń tọ́jú àga dè é.

Ọkùnrin tó wá kì í ṣe ẹnjiníà. Afọlábí ni orúkọ rẹ̀, ó ń ya àwòrán ilé ní ọ́fíìsì ìjọba kan, wọ́n sì rán an wá wọn ilé ìkàwé náà nítorí wọ́n fẹ́ fẹ̀ ẹ́ sẹ́yìn. Ohùn rẹ̀ ròkè ju ti ẹni tó yẹ kó wọ ilé ìkàwé lọ. Ọládùnní gbé ìka lé ètè, ó tún nàka sí pátákó tí wọ́n kọ ìkìlọ̀ sí lára ògiri. Ọkùnrin náà tọrọ àforíjì pẹ̀lú ohùn tó tún ròkè ju ti àkọ́kọ́ lọ.

Ní ọjọ́ kejì, ó dúró sí ìta, lẹ́bàá fèrèsé, ó súfèé. Ohùn mẹ́ta ni: ọ̀kan wálẹ̀, méjì lọ sókè. Àwọn ọmọ Ìgbò tó ń kàwé kò tilẹ̀ gbójú sókè, ẹyẹ ni wọ́n pè é. Ọládùnní nìkan ni ara rẹ̀ bù máṣọ, nítorí oríkì rẹ̀ ni ọkùnrin yìí ń fi ìfé pè: Àníkẹ́.

Ó jáde lọ bá a.

"Ta ló sọ fún ẹ pé Àníkẹ́ ni mí?"

"Ìyá Bàdírù ni, ní Kenyatta. Yáàdì mẹ́ta aṣọ tí n kò nílò ni mo rà kó tó sọ ọ́."

"O ò sì rí ìkìlọ̀ tó wà lára ògiri?"

"Wọ́n ní kí á má sọ̀rọ̀ ni. Wọn ò ní kí á má súfèé."

Ó fẹ́ bínú, ẹ̀rín ló jáde.

Sikirat, Ìyá Bàdírù, ọmọ Ọ̀ffà ni, ó ń ta aṣọ ní ọjà Kenyatta, kò sì sí Yorùbá kan ní àdúgbò Uwani tí kò mọ ìlú àti ìdílé rẹ̀. Òun ni alárinà wọn. Wọ́n ní tójú bá ti mọjú, alárinà á yẹ̀bá, ṣùgbọ́n Sikirat kò yẹ̀bá rárá. Inú ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ ni wọ́n ti ń pàdé, òun náà ló sì wé gèlè lọ bá Bàbá Julius.

"Ẹni tó ń ya àwòrán ilé?" ni bàbá náà wí. "Ilé ta ló ti kọ́ rí?"

"Bàbá, ẹni tó ya ilé ló mọ ibi tí ilẹ̀kùn wà. Ẹ̀yin ẹ ṣáà ṣílẹ̀kùn fún un."

Ó gba oṣù mẹ́jọ kí ilẹ̀kùn tó ṣí. Nígbà tí bàbá náà gbà níkẹyìn, wọ́n fi mọ̀-mí-n-mọ̀-ọ́ sí ẹ̀yìn Àjíǹde ọdún 1977. Ọládùnní ra bàtà tuntun, ó ń wọ̀ ọ́ nínú yàrá kí ó lè rọ̀ kó tó di ọjọ́ náà.

Ní oṣù kejì ọdún náà, ọkọ̀ agbégi kan gbá alùpùpù Afọlábí dànù nítòsí Thinkers Corner. Orí ló fi gbálẹ̀. Ọjọ́ mọ́kànlá ni kò fi mọ ẹni tó dúró tì í.

Nígbà tó lajú, gbogbo èèyàn ni ì bá jó, bí kì í bá ṣe ti ẹnu rẹ̀. Ó ń rìn díẹ̀díẹ̀, ó ń gbọ́ gbogbo ohun tí wọ́n bá sọ, ó sì mọ ohun tó fẹ́ fèsì, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ á pẹ́ kó tó jáde, bó bá sì jáde, ohùn rẹ̀ á ti dàrú. Ìsàlẹ̀ á lọ sókè, òkè á bọ́ sílẹ̀. Ẹ sì mọ èdè wa, ohùn lẹ̀mí rẹ̀. Ó ní kí wọ́n mú òun dé ìdí ọkọ̀, ohùn rẹ̀ sọ ọ́ di ọkọ́, àbúrò rẹ̀ sì lọ yá ọkọ́ tí wọ́n fi ń roko wá fún un. Àwọn ará yàrá náà rẹ́rìn-ín. Afọlábí náà rẹ́rìn-ín, lẹ́yìn náà ó yíjú sí ògiri.

Ọládùnní bi dókítà tó ń tọ́jú rẹ̀ pé ìgbà wo ni yóò padà sípò.

"Miss Florence," ni dókítà náà wí, "ọpọlọ àgbàlagbà kì í ṣe irun orí. Sẹ́ẹ̀lì tó bá ti kú níbẹ̀ kì í hù mọ́."

Kò gbà á gbọ́. Ṣebí àárín ìwé ló ń ṣiṣẹ́! Ó padà sí ilé ìkàwé, ó fa ìwé ńlá kan tó ní èèpo pupa yọ láti orí pẹpẹ, ó sì wá ibi tí wọ́n ti sọ̀rọ̀ ọpọlọ. Ó rí i ní ìsàlẹ̀ ojú ewé kan lápá ọ̀tún: nínú ọpọlọ ẹni tó ti dàgbà, sẹ́ẹ̀lì tó bá kú kò ní arọ́pò. Ó kà á lẹ́ẹ̀mejì, ó pa ìwé náà dé, ó sì dá a padà sí àyè rẹ̀.

Síbẹ̀, ẹ má ṣe rò pé ó sá lọ́jọ́ náà. Ó fẹ́ràn ọkùnrin yìí. Ní gbogbo ọ̀sán tó bá ti ibi iṣẹ́ dé, ṣọ́ọ̀bù Sikirat ló ń kọjá sí, Afọlábí á ti jókòó sáàárín àwọn aṣọ. Wọ́n á máa pe ọ̀rọ̀, bí ọmọ ilé ìwé. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta kọjá, kò sí ìyípadà. Lọ́jọ́ kan ni ó sú Afọlábí, ó ju ìwé sílẹ̀, ó wo ojú Ọládùnní, ó sì súfèé. Ọ̀kan wálẹ̀, méjì lọ sókè. Ó gún régé!

Sikirat pariwo. "Áà! Ìfé kò forí gbálẹ̀ o! Dúnní, jẹ́ kó máa súfèé ọ̀rọ̀ kó tó pè é!"

Bí wọ́n ṣe rí ọ̀nà nìyẹn. Yóò kọ́kọ́ fi ìfé wá ohùn ọ̀rọ̀ náà, yóò wá fi ẹnu lé e kí ó tó sá lọ. Láàárín ọ̀sẹ̀ mẹ́fà sí i, ó mọ gbólóhùn kan dáadáa, débi pé kò nílò ìfé fún un mọ́: "Ẹ jọ̀wọ́ sà, mo wá tọrọ Àníkẹ́."

Sikirat ń yọ̀. Ọládùnní náà ń yọ̀ ní ṣọ́ọ̀bù. Bó bá délé, ayọ̀ náà á jò dànù. Gbólóhùn kan ní ọ̀sẹ̀ mẹ́sàn-án! Ẹ̀mélòó ni èèyàn ń sọ lójúmọ́? Bí ọmọ bá bi bàbá rẹ̀ ní ọ̀rọ̀ ńkọ́? Bí wọ́n bá pè é dìde níbi ìkómọ pé kó sọ orúkọ ọmọ ńkọ́, tó wá sọ orúkọ náà di nǹkan mìíràn? Kì í hù mọ́, ni ìwé wí. Ó ń tijú ara rẹ̀ nítorí èrò náà, kò sì lè lé e lọ.

Ọjọ́ pé. Nínú ilé Bàbá Julius ní Idaw River Layout, Afọlábí dọ̀bálẹ̀ gbọọrọ, ẹ̀gbọ́n bàbá rẹ̀ wà lápá kan, Sikirat wà lápá kejì. Ọládùnní kúnlẹ̀ sẹ́bàá ìyá rẹ̀, ó wọ bàtà tó ti rọ̀.

"Mo ti gbọ́ ohun tó ṣẹlẹ̀," ni Bàbá Julius wí. "Ó dùn mí. Ṣùgbọ́n ẹnu ẹni la fi ń kọ mé jẹ, ẹnu ẹni náà la sì fi ń sọ pé mo fẹ́. N kò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni bá ọmọkùnrin yìí sọ̀rọ̀. Kó sọ ọ́ fúnra rẹ̀."

Afọlábí gbórí sókè. "Ẹ jọ̀wọ́ sà, mo wá tọrọ Àníkẹ́."

Kò sí àṣìṣe kankan níbẹ̀. Ìyá Ọládùnní pàtẹ́wọ́. Bàbá Julius pàápàá rẹ́rìn-ín músẹ́, ojú rẹ̀ rọ̀, ó sì bèèrè ohun tí ẹnikẹ́ni kò rò pé yóò bèèrè.

"O káre. Wọ́n ní o kò lè sọ̀rọ̀. Báwo lo ṣe mọ eléyìí sọ?"

Inú Afọlábí dùn. Ó fẹ́ sọ pé òun kọ́ ọ ni. Ó ká ètè rẹ̀ jọ láti wá ohùn rẹ̀.

"Ṣé o fẹ́ súfèé fún mi ni?" ni Bàbá Julius wí.

Ta ni yóò súfèé níwájú àna rẹ̀? Ètè náà tú ká. Afọlábí wo Ọládùnní, ó rẹ́rìn-ín, ó sì sọ ọ́ láìsí ìfé: "Mo kọ̀ ọ́."

Ẹ̀rín kúrò lójú Bàbá Julius.

"Kí lo wí?"

Afọlábí ti gbọ́ ohun tó jáde lẹ́nu rẹ̀. Ó mi orí, ó mi ọwọ́, òógùn bò ó. "Mo kọ̀... mo kọ̀ ọ́..." Bó ṣe ń sá fún un tó, bẹ́ẹ̀ ló ń ṣubú sínú rẹ̀. Ẹ̀gbọ́n bàbá rẹ̀ bojú.

"Bàbá, ohùn ló ṣì í!" ni Sikirat ké.

"Ìyá Bàdírù, ìwọ kọ́ lo máa fẹ́ ẹ." Bàbá Julius yíjú sí ọmọ rẹ̀, ohùn rẹ̀ kò sì le rárá. "Dúnní, ìwọ lo mọ èdè rẹ̀. Kí ló wí? Ohun tí o bá sọ ni mo máa gbà."

Ọládùnní mọ̀ ọ́n. Kó tó ká ètè jọ ló ti mọ̀ ọ́n. Ohun tó kù kò ju kó sọ pé, "Ó ní òun kọ́ ọ ni, Bàbá." Ó rí Afọlábí tó ń wò ó láti ilẹ̀. Ó tún rí ìsàlẹ̀ ojú ewé náà. Ó rí ogójì ọdún tí òun yóò fi máa túmọ̀ ọkọ òun fún ayé báyìí, ẹ̀rù bà á, ilẹ̀kùn kan sì ṣí sílẹ̀ tí kò ná an ní nǹkan kan láti gbà jáde.

"Ohun tí ẹ gbọ́ ni mo gbọ́, sà."

Òótọ́ ni. Ohun tí wọ́n gbọ́ náà ló gbọ́.

Ẹ̀gbọ́n bàbá Afọlábí fà á dìde. Nígbà tó kù díẹ̀ kí wọ́n jáde, Afọlábí bojú wẹ̀yìn lẹ́ẹ̀kan, kò súfèé. Láàárín oṣù kan, wọ́n ti mú un lọ sílé ní Ògbómọ̀ṣọ́.

Sikirat kò bá Ọládùnní jà. Ó kàn ká aṣọ tó ń ká tán nígbà tí ọmọbìnrin náà wá kí i. "Èmi gbọ́ ọ, Dúnní," ló wí. "Èmi tí n kò mọ̀wé gbọ́ ọ." Lẹ́yìn ìyẹn, aṣọ nìkan ni wọ́n jọ ń sọ̀rọ̀ rẹ̀.

Ẹnjiníà náà dé níkẹyìn, ó sì jókòó sórí àga rẹ̀. Felix Ọláwuyì, èèyàn jẹ́jẹ́, kò na Ọládùnní rí, kò pariwo mọ́ ọn rí. Wọ́n bí ọmọ méjì. Bó bá wọlé, á ní, "Ẹ kúulé o," á sì lọ gbọ́ ìròyìn. Kò súfèé rí láyé rẹ̀. Ọládùnní kò ní ẹjọ́ kankan tó lè fi sùn ún, ìyẹn gan-an ló ń sú u.

Ní ọdún 1994, ilé ìkàwé náà ti di aláìní. Ó ti pẹ́ tí wọ́n ti ra ìwé ìròyìn ìmọ̀ ìṣègùn kẹ́yìn, èyí tí àwọn òyìnbó bá fi ta wọ́n lọ́rẹ nínú páálí ni wọ́n ń lò. Ọládùnní, tó ti di ọ̀gá níbẹ̀, ń lu òǹtẹ̀ sára ìwé tó wà nínú páálí kan bẹ́ẹ̀ nígbà tí ojú rẹ̀ bọ́ sára àkọlé kan. Ọwọ́ rẹ̀ dúró. Àwọn onímọ̀ kan ti mú nǹkan láti inú ọpọlọ èkúté tó ti dàgbà, èkúté àgbà o, kì í ṣe ọmọ. Wọ́n tọ́jú rẹ̀ sínú àwo, wọ́n sì bá àwọn sẹ́ẹ̀lì kan níbẹ̀ tó dà bí irúgbìn: wọ́n ń pín, wọ́n ń bí òmíràn, àwọn tí wọ́n bí sì ń di sẹ́ẹ̀lì ọpọlọ gidi.

Ó gbé ìwé náà tọ Dókítà Ngwu lọ, ọ̀dọ́mọbìnrin kan tó ń kọ́ àwọn ọmọ nípa ọpọlọ.

"Ṣé ó ń hù ni?" ló bèèrè. "Gbogbo ìgbà yẹn, ṣé ó ń hù?"

Dókítà Ngwu ka ojú ewé náà, ó rẹ́rìn-ín. "Madam Florence, na rat o. No be person. And na for inside plate." Ó wá rí i pé obìnrin náà kò rẹ́rìn-ín, ó sì rọra bá a sọ ọ́: ìmọ̀ tuntun ni, kò sẹ́ni tó tíì mọ̀ bóyá ti èèyàn rí bẹ́ẹ̀, kò sì sẹ́ni tó lè fi wo aláìsàn kankan. "Ta ni ẹ ń bèèrè fún?"

Ọládùnní sọ fún un. Kò dárúkọ, ṣùgbọ́n ó sọ ti ohùn tó dàrú, ó sọ ti ìfé.

"Ìyẹn ò nílò kí sẹ́ẹ̀lì hù," ni dókítà náà wí. "Ibi tó kù nínú ọpọlọ lè kọ́ iṣẹ́ ibi tó kú, bí wọ́n bá ń fi sùúrù kọ́ ọ, pàápàá bí èèyàn bá ṣì kéré. Ìyẹn kì í ṣe tuntun. Ó wà nínú ìwé àtijọ́ yín níbí."

Ìwé èèpo pupa náà ṣì wà lórí pẹpẹ, eruku ti bò ó. Ọládùnní rí ojú ewé rẹ̀ láìwá a. Gbólóhùn náà wà ní ìsàlẹ̀ níbi tó fi í sí: sẹ́ẹ̀lì tó bá kú kò ní arọ́pò. Kò sí àmì ìdánudúró ní ìparí rẹ̀. Fún ọdún mẹ́tàdínlógún, kò kíyè sí i pé kò sí àmì ìdánudúró níbẹ̀. Ó ṣí ewé náà. Gbólóhùn náà ń bá a lọ lókè ẹ̀yìn rẹ̀: ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ aláìsàn tí ọ̀rọ̀ sọnù lẹ́nu wọn máa ń rí i gbà padà, fún ọdún púpọ̀ pàápàá, bí ẹni tó sún mọ́ wọn bá ń kọ́ wọn lójoojúmọ́.

Ó jókòó sórí ilẹ̀ láàárín àwọn pẹpẹ, ó sunkún bí ọmọdé. Àwọn àgbà ní àbámọ̀ ní ń gbẹ̀yìn ọ̀rọ̀. Ojú ewé kan péré!

Sikirat ló sọ fún un pé Afọlábí ti dé Enugu. Ìlú Owerri ló ti ń ṣiṣẹ́ láti ọjọ́ pípẹ́, wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ gbé e wá. "Ó ń bọ̀ wá ra aṣọ ní ọjọ́ Sátidé," ni Sikirat wí, kò wo ojú rẹ̀. "N kò ní kí o wá o. N kò sì ní kí o má wá."

Ó wá. Afọlábí ti ní ewú díẹ̀, ó ń wọ́ ẹsẹ̀ ọ̀tún, ọmọbìnrin kan tó tó ọmọ ọdún mẹ́rìnlá tẹ̀lé e. Nígbà tó rí Ọládùnní, ó tẹrí ba.

"Ẹ káàsán, Ìyáàfin Ọláwuyì." Ohùn kọ̀ọ̀kan wà ní àyè rẹ̀. Ó kàn ń lọ díẹ̀díẹ̀ ni, bí ẹni tó ń gun àkàbà. "Ọmọ mi nìyí, Bọ́lá."

"Ẹ" tó fi pè é yẹn gún un lọ́kàn. Ó dúró títí Sikirat fi mú ọmọ náà lọ sídìí tábìlì, ó sì sọ ọ́ lẹ́ẹ̀kan náà kí ẹ̀rù má bàa bà á.

"Afọlábí, lọ́jọ́ yẹn, mo gbọ́ ọ. Mo gbọ́ ohun tí o fẹ́ sọ."

"Mo mọ̀."

"O mọ̀?"

"Ojú yín ni mo ń wò. Ẹnu mi ló bàjẹ́. Ojú mi kò bàjẹ́."

Kò sí ìbínú nínú rẹ̀, ì bá sì sàn kó wà. Ọládùnní bẹ̀rẹ̀ sí í kálòlò, ó ń sọ ti èkúté, ti àwo, ti ojú ewé tí kò ṣí. Afọlábí gbọ́ ọ títí, ó rọra rẹ́rìn-ín.

"N kò mọ̀ bóyá nǹkan kan hù lórí mi o. Abọ́sẹ̀dé, ìyàwó mi, ló kọ́ mi. Ọdún mẹ́rin. Ìfé yẹn náà ló fi kọ́ mi. Mo ti sọ fún un pé ẹni kan ló bẹ̀rẹ̀ rẹ̀." Ó sinmi díẹ̀. "Ó ní kí n kí yín, bí mo bá rí yín."

Ọládùnní tẹrí ba, ó gba ìkíni náà.

Nídìí tábìlì, Sikirat ti gbé ìwé kan fún Bọ́lá pé kó kọ àdírẹ́ẹ̀sì ilé wọn tuntun sí i. Ọmọ tó dàgbà sí Owerri, Yorùbá rẹ̀ ń kọsẹ̀. Ó gbé bírò sílẹ̀.

"Mo ti kọ̀ ọ́, mà."

Sikirat bú sẹ́rìn-ín. "Kí lo kọ̀? Ṣé o ò fẹ́ kí n mọ ilé yín ni?"

Ojú ọmọ náà rẹ̀wẹ̀sì, ó wo bàbá rẹ̀. Kí bàbá tó la ẹnu, Ọládùnní ti fò dìde.

"Kò kọ̀ ọ́! Ó ní òun ti kọ ọ́ ni! Ohùn ló ṣì í!"

Ohùn rẹ̀ ròkè débi pé àwọn tó ń ta ìlẹ̀kẹ̀ lódìkejì bojú wò wọ́n. Afọlábí wo Ọládùnní fún ìgbà pípẹ́, lẹ́yìn náà ó wo ilẹ̀.

"Ẹ ṣeun, mà," ni ọmọ náà wí. Kò mọ ìdí tí wọ́n fi pariwo tó bẹ́ẹ̀.

Wọ́n san owó aṣọ, wọ́n jáde. Èrò ọjà gbé bàbá síwájú, ọmọ rẹ̀ sì dúró lẹ́yìn níbi tí wọ́n ti ń ta bàtà. Ọládùnní kò rí wọn mọ́, ṣùgbọ́n ó gbọ́ ìfé láàárín èrò, kò sì mọ ìgbà tí ẹsẹ̀ rẹ̀ gbé e dé ẹnu ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù. Ó dúró, ó fetí sí i. Ohùn méjì ni, méjèèjì ló lọ sókè. Bọ́lá ni bàbá rẹ̀ ń pè.